Ìrù Hẹlikópítà Tó Wà Lábẹ́ Omi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 3, oṣù kẹfà

Níbi iṣẹ́, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìwé kì í ṣe ẹnikẹ́ni.

Àna mi ti kú. Ọkọ àbúrò mi kan ṣoṣo ti kú, ojú mi ló ṣe, ọwọ́ mi yìí ni mo sì fi gé bẹ́líìtì tó dè é mọ́ ìjókòó.

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ ló wa hẹlikópítà iléeṣẹ́ wa gbéra, òun àti Onífọ́tò kan. A ti yọ ilẹ̀kùn méjèèjì kúrò lára hẹlikópítà kékeré yẹn torí pé Onífọ́tò fẹ́ ya àwọn ọkọ̀ ojú omi láti òkè, gíláàsì kì í sì í jẹ́ kí fọ́tò mọ́. Mo dúró sí etí èbúté, ife tíì wà lọ́wọ́ mi. Ó yí àwọn ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan, ó yí wọn po lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà kẹta ni mo gbọ́ gbàà! Ariwo yẹn kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, mo mọ ìgbà tó bá ń húkọ́. Èyí dún bí ìgbà tí wọ́n bá fi òòlù fọ́ eegun. Ìrù já. Mo rí i bó ṣe já tó lọ lọ́tọ̀, tí ara tó kù sì bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì lókè bí òkòtó. Onífọ́tò fò jáde, ó já bọ́ sínú omi. Àna mi ò jáde, ó ṣì ń bá a jà. Mò ń rí orí rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ òkè wá kan omi, ó fọ́ yángá, ẹyọ kan fò wá sí èbúté, ó gé òpó iná sí méjì nítòsí ibi tí mo dúró sí. Tíì ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Èmi àti ọlọ́kọ̀ ojú omi méjì la kọ́kọ́ débẹ̀. Epo ti bo ojú omi, ó ń ta mí lójú. Mo bẹ́ sómi tòun ti bàtà. Mo rí i, ó ń wò mí. Rárá o, ojú rẹ̀ ló là, kò wo ẹnikẹ́ni. Bẹ́líìtì yẹn kọ̀, kò tú. Mo gé e, mo gé ọwọ́ ara mi mọ́ ọn. Nígbà tí a gbé e sókè, àyà rẹ̀ rọ̀ lọ́wọ́ mi. Kò yẹ kí àyà èèyàn rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Onífọ́tò ṣì ń mí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti ṣẹ́.

Èmi ni wọ́n ní kí n lọ sọ fún àbúrò mi. Ta ni wọn ì bá tún rán?

Ọjọ́rú, ọjọ́ 4

Mo sọ fún un lánàá. Kò sunkún. Ó gbá mi létí, ó ní kí n yéé parọ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbá ògiri, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí n tó rí i dì mú. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún méje, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá.

Lọ́sàn-án òní Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì. Ọmọdé ni Ọ̀gá yìí, bàbá rẹ̀ ló gbà mí síṣẹ́. Ó ní, “Bàbá Sípánà, ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe pé ẹ gbàgbé irinṣẹ́ kan sínú ọkọ̀?”

Ẹ̀jẹ̀ rú mi lójú. Mo fà á lápá, ó di iwájú pákó irinṣẹ́ mi. Kò sẹ́ni tí kò mọ pákó yẹn lọ́gbà wa. Irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àwòrán ara rẹ̀ tí mo fi ọ̀dà funfun kùn síbi tó ń gbé. Tí sípánà kan ò bá sí nílé, àwòrán rẹ̀ á máa wò ẹ́ níran. Bàálù mi kì í gbéra tí àwòrán kan bá ṣófo. Mo ní, “Ẹ kà á.” Ó kà á. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ó pé pérépéré.

“Bóòtù tó de ìrù mọ́ ara ọkọ̀ ńkọ́?”

Mo ní gbogbo bóòtù ìrù ni mo fi ọ̀dà pupa fa ìlà lé lórí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Tí bóòtù bá tú bó ti wù kó kéré mọ, ìlà yẹn á yà, ojú lásán á rí i.

Ó ní, “Ibo wá ni ìlà náà wà báyìí, Bàbá?”

Ó wà nísàlẹ̀ omi pẹ̀lú ìrù. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó já bọ́ sí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 6

A sin ín. Òjò ò jẹ́ ká gbọ́ àdúrà.

A ò tíì kúrò nídìí sàréè tí Alápatà, ẹ̀gbọ́n àna mi, fi dì mí lọ́rùn mú. Ọwọ́ tó ti ń gé màlúù láti kékeré! Ẹni tí kò bá tíì bọ́ sí i lọ́wọ́ rí, kó dúpẹ́. “Sípánà rẹ ló pa àbúrò mi!” Ó gbá mi lẹ́nu. Mo fi orí kàn án nímú, ẹ̀jẹ̀ bo àwa méjèèjì. Mi ò ní purọ́ fún ìwé: ó wù mí kí n jà. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni nǹkan ti ń ru nínú mi, mo kàn ń wá ẹni tí màá lù. A ṣubú sínú ẹrẹ̀, a ń yíra, ó kù díẹ̀ ká jọ já sínú sàréè lórí olóògbé.

Àbúrò mi ló gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ àwọn tó ń walẹ̀, ó fi gbá wa lẹ́yìn, èmi àti òun, bí ẹni ń lé ajá méjì. “Ẹ̀yin àgbààyà! Ọkọ mi ló wà nílẹ̀ yìí o!” Ó yíjú sí Alápatà. “Ẹ̀gbọ́n mi ò lè pa ọkọ mi. Ẹ tún un sọ, kí n fi èyí là yín lórí.”

Alápatà ò tún un sọ. Eyín mi kan ṣì wà nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 9

Ẹ̀kẹ́ wú. Òjò láti àárọ̀. Mi ò rí jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ mi mọ́. Nínú rògbòdìyàn ọjọ́ yẹn ẹnì kan ti sọ ọ́ di tirẹ̀. Olè ò mọ ọjọ́ ọ̀fọ̀. Bẹntiróòlù tún ti gbówó lórí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 12

Àwọn olùwádìí dé, àwọn mẹ́ta, bàtà wọn ń dán. Wọ́n bi mí léèrè fún wákàtí mẹ́rin. Mo mú wọn lọ sídìí pákó, wọ́n yà á ní fọ́tò. Àgbà inú wọn, obìnrin kan tó wọ awò ojú, ní ọ̀rọ̀ ò ju méjì lọ: bóyá bóòtù ló tú, bóyá awakọ̀ ló ṣàṣìṣe. Tí ìrù ò bá sí, wọn á kọ èyí tó bá sún mọ́ òótọ́ jù lójú wọn.

Bí wọ́n ṣe jáde ni Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn. “Bàbá, òkú kì í jiyàn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó máa ń fò rélẹ̀ jù, pé a ti kìlọ̀ fún un. Iṣẹ́ yín á wà níbẹ̀, ọgbà mi náà á wà.”

Ọmọkùnrin tí bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ mi kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń di nọ́ọ̀tì! Mo gbé àga, mo sọ ọ́. Ó yẹrí, gíláàsì ọ́fíìsì ló gbà á, ó fọ́ dà sílẹ̀ lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Mo ní, “Àna mi lo fẹ́ parọ́ mọ́? Ọmọ rẹ̀ wà níléèwé, ohun tẹ́ ẹ bá kọ ni wọ́n á máa fi pè é títí láé! Ìwọ tó ò lè fò kọjá àga tí wọ́n sọ mọ́ ẹ!”

Ó lé mi níṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó tọ́jú irinṣẹ́ mẹ́tàlélọ́gọ́rin náà, kó máa fi họ ẹ̀yìn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 14

Àbúrò mi jókòó tì mí. Ojú rẹ̀ ti gbẹ, ó ti wọnú. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wò mí lójú. Bóòtù yẹn, ṣé ẹ dì í?”

“Mo dì í.”

“Ìlà pupa ńkọ́?”

“Mo fà á.”

“Ó tó. Ẹ bá mi gbé ìrù yẹn jáde. Ọkọ̀ ojú omi kékeré tí ọkọ mi fi ń pẹja wà níbẹ̀, ẹ máa lò ó. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ohun tó pa á. Tó bá sì jẹ́ ọwọ́ èèyàn ni, ẹnikẹ́ni tí ì báà jẹ́, ẹ má bò ó fún mi.”

Mo búra fún un. Mo fi orí ìyá wa búra.

Mo ti bá Òmùwẹ̀ sọ̀rọ̀, ọkùnrin tó ń wọ abẹ́ ọkọ̀ láti tún un ṣe ní èbúté. Etí rẹ̀ kan ti kú, nítorí náà kì í sọ ọ̀rọ̀ tí kò pọn dandan. Ó ní tí ìrù bá wà níbẹ̀, òun á rí i.

A ti ń tú okùn ọkọ̀ tí Alápatà yọ sí wa, imú rẹ̀ ṣì wú. “Èmi náà ń bọ̀. Tó bá jẹ́ pé bóòtù yẹn tú, ibẹ̀ náà ni màá ti rì ẹ́.”

Mo ní kó wọnú ọkọ̀, pé a ti ń wá ohun tó wúwo tá a máa fi tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 19

Ọjọ́ márùn-ún, a ò rí nǹkan kan àfi táyà àti ìdákọ̀ró tó ti dípẹtà. Lónìí atẹ́gùn dé lójijì. Ìgbì kan gbé wa sókè, ó sọ wá kalẹ̀, orí mi gbá etí ọkọ̀. Òmùwẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, okùn rẹ̀ lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó ń fà á bọ̀ lábẹ́ irin tó ń yí. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Alápatà ń bì bí ọmọ ìkókó, ó ń bì ó sì ń fa okùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé Òmùwẹ̀ sínú ọkọ̀ bí ẹni gbé itan màlúù. Gbogbo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló bó.

Òmùwẹ̀ tutọ́ ẹ̀jẹ̀. Ó ní, “Ọ̀la, aago méje.”

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 23

Mo lọ wo Onífọ́tò ní ọsibítù. Irin ni wọ́n fi to ẹsẹ̀ rẹ̀. Òní ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tó yéni. Ó ní òun ń ya fọ́tò lọ́wọ́ ni nǹkan kan kọjá létí òun, fìàà, nǹkan tó dúdú, tó tóbi, kí òun tó mọ ohun tó jẹ́, gbàà! Àna mi kígbe sí i, “Di ara ẹ mú!” Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn.

“Ṣé ẹyẹ ni?” mo bi í.

“Ó lè jẹ́ ẹyẹ, sà. Ó ní apá.”

Ẹyẹ! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu ko irin ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rìn jáde bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Kì í ṣe bóòtù! Mo yà sọ́dọ̀ Alápatà ní ìsọ̀ rẹ̀, mo sọ ọ́ fún un lójú àwọn oníbàárà. Ó la àáké mọ́ eegun, ó ní, “Ẹyẹ ò ní jẹ́rìí. Ìrù ni mo fẹ́ rí.”

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 27

Omi ru. A ò jáde. Alápatà wá kan ilẹ̀kùn mi, ó ní òun ò rí ẹni bá jà nílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 1, oṣù keje

A rí i! Òmùwẹ̀ yọrí, ó na àtàǹpàkò sókè. Ìrù ti wọ inú ẹrẹ̀ lọ dé ìdajì, ó ní òun ò tíì rí abẹ̀bẹ̀ kékeré tó wà nídìí rẹ̀. Mo ké bí ọmọdé.

A pe àwọn apẹja tí ọkọ̀ wọn ní ẹ̀rọ tó ń fa àwọ̀n. A so wáyà mọ́ ọn, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ó gòkè dé ìdajì ọ̀nà, ìgbì gbá a, wáyà já. Wáyà tó bá já lórí omi kì í ṣeré. Ó fò padà bí pàṣán, ó la apá Alápatà láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹran ṣí sílẹ̀, mo rí eegun funfun. Ẹ̀jẹ̀ tú sí mi lójú, sẹ́nu, mo tọ́ ọ wò.

Alápatà wo apá ara rẹ̀ dáadáa. Ó ní, “Bí mo ṣe ń là á fún oníbàárà gan-an nìyẹn.” Ó wá dákú.

Mo fi ṣẹ́ẹ̀tì mi di apá rẹ̀, mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ títí a fi dé èbúté. Abẹ́rẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi rán an. Nígbà tó lajú, ó bi mí bóyá ìrù ti jáde. Mo ní ó di ọ̀la. Ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí òun ti fi apá ṣòfò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 2

Ọlọ́run ò.

Alápatà wà ní ọsibítù. Èmi àti Òmùwẹ̀ nìkan la wà nínú ọkọ̀ kékeré, àwọn apẹja dúró lókèèrè, wọ́n ń retí ká tún wáyà so. Òmùwẹ̀ wọ omi lọ, ó pẹ́. Nígbà tó yọrí, kò na àtàǹpàkò. Ó fi abíyá há nǹkan kan, ó gbé e sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ mi, ó fi ẹ̀yìn bò ó kí àwọn apẹja má bàa rí i.

“Ìwọ nìkan ni mo fi hàn,” ló wí. “Inú abẹ̀bẹ̀ ìrù ni mo ti gé e kúrò. Ó wé mọ́ ọn bí aṣọ tí wọ́n ń fún.”

Mo mọ̀ ọ́n kó tó tú u. Èmi ni mo fi okùn ìpẹja rán ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì mi ni.

Gbogbo rẹ̀ padà sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Irin ilẹ̀ inú bàálù máa ń dun orúnkún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, mo tẹ́ ẹ sẹ́yìn ìjókòó, mo kúnlẹ̀ lé e, mo yọ píìnì tó de ilẹ̀kùn méjèèjì mọ́ ara ọkọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀. Èmi kan náà ni mo ní kí Onífọ́tò bọ́ fìlà, kó so kámẹ́rà mọ́ ara, pé tí a bá ti yọ ilẹ̀kùn, kò gbọdọ̀ sí ohun tí a ò so. Mo wá lọ ka irinṣẹ́ mi. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo yan bí àkùkọ. Jákẹ́ẹ̀tì ò ní àwòrán lára pákó.

“Omi yìí jìn,” Òmùwẹ̀ ní. “Ohun tó ti gbé mì pọ̀. Ṣé kí n dá a padà?”

Mo gbà á, mo kì í sínú báàgì oúnjẹ mi. Òmùwẹ̀ mójú kúrò, ó so wáyà. Ìrù jáde lálàáfíà. Ìlà pupa wà lórí gbogbo bóòtù, ọ̀kan ò yà. Àwọn apẹja pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 4

Àwọn olùwádìí ti wo ìrù. Bóòtù pé. Ohun rírọ̀ tó wúwo ló gbá abẹ̀bẹ̀, wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ Onífọ́tò: ẹyẹ ńlá ni. Wọ́n ní awakọ̀ ló fò rélẹ̀ ju bí òfin ṣe sọ, ó wọ àárín ẹyẹ. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fà á. Wọn á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kẹwàá tí wọ́n bá tún pè wá.

Àbúrò mi se oúnjẹ, ó ní kí n wá jẹun. Mo jẹ ẹ́. Alápatà wọlé, wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ọkùnrin gìrìwò yẹn. “Ẹ dárí jì mí. Mo fi ikú àbúrò mi lù yín lẹ́nu, ẹ ò sì mọ nǹkan kan.” Ó gbé odidi ẹsẹ̀ màlúù kalẹ̀ fún mi. Mo ní kó dìde. Mo ní kò sí wàhálà. Ẹnu mi yìí ló sọ bẹ́ẹ̀.



Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 6

Láàárọ̀ mo sọ jákẹ́ẹ̀tì náà sínú dírọ́ọ̀mù lẹ́yìnkùlé, mo da kẹrosíìnì lé e lórí, mo ṣáná. Iná sọ gbì, ó jó irun ojú mi. Mo dúró, mo ní kó jó, kó jó kó tán, òkú kì í jiyàn. Ohùn Ọ̀gá ni mo gbọ́ lẹ́nu ara mi! Kí n tó mọ̀ mo ti ki ọwọ́ bọ inú iná, mo fà á jáde, mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo ń bú ara mi, mo ń bú ìyá tó bí mi. Apá kan ti jóná. Ìgbọ̀nwọ́ tí mo rán ò jó.

Awọ ọwọ́ ọ̀tún mi bó lọ dé ọrùn ọwọ́. Mo ta dírọ́ọ̀mù nípàá títí ó fi tẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 8

Ọ̀gá ránṣẹ́ pé kí n padà síṣẹ́.

Àbúrò mi wá fi oògùn pa ọwọ́ mi. Mo ní omi gbígbóná ni. Ó ń di aṣọ funfun mọ́ ọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ní, “Ọmọ mi fọ́ ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lórí níléèwé lánàá. Wọ́n ní bàbá ẹ̀ ò mọ bàálù wà, ó fẹ́ pa Onífọ́tò. Ó gbé àpótí ìjókòó, ó fi là á lórí. Ẹ̀jẹ̀ kún kíláàsì. Mo fẹ́ lù ú, ọwọ́ mi ò gbé e. Bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n tún ń pa ọkọ mi lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ò sì lè ṣe nǹkan kan sí i.”

Ó di ìdí aṣọ náà. Ó ní, “Ẹ ṣáà ṣì wà. Ẹ̀yin lẹ kù fún mi.”

Mo fẹ́ sọ ọ́ níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún oògùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 10

Mo sọ ọ́.

Inú ọ́fíìsì Ọ̀gá ni, gíláàsì tuntun. Àwọn olùwádìí mẹ́ta jókòó, Ọ̀gá, Alápatà, àbúrò mi. Obìnrin awò ti ń ka ìwé rẹ̀: awakọ̀ fò rélẹ̀, awakọ̀ kò ṣọ́ra. Mo dìde, mo tú báàgì, mo da jákẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì. Òórùn omi àti iná gba inú yàrá.

Mo ní, “Kì í ṣe ẹyẹ. Èmi ni. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ lé e, mo gbàgbé ẹ̀. Atẹ́gùn ló gbé e jáde. Ó wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ìrù títí ìrù fi já. Àna mi ò ṣe nǹkan kan.” Ọ̀gá fà mí láṣọ, ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé kí n dákẹ́, pé ara mi ò yá. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Àbúrò mi fa jákẹ́ẹ̀tì náà sọ́dọ̀, ó fi ìka tọ ibi tí mo rán. Ohùn rẹ̀ kéré. “Ìgbà wo lẹ ti ní i lọ́wọ́?”

“Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá.”

“Ẹ jẹun nílé mi lọ́jọ́ Ẹtì.”

Ó yí jákẹ́ẹ̀tì náà padà.

“Mo di ọwọ́ yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.”

Jọ́ọ̀gì omi ló wà níwájú rẹ̀, gíláàsì tó nípọn. Mo rí i nígbà tó gbé e. Mi ò yẹ̀ ẹ́. Ó fọ́ lórí mi, omi àti ẹ̀jẹ̀ jọ dà sí mi lójú, mo kúnlẹ̀ láìmọ̀. Ó tún gbá mi, ìdí gíláàsì ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó la ìpéǹpéjú mi. Ó fi ẹsẹ̀ gbá mi nínú. Kò sẹ́ni tó ń pariwo nínú yàrá yẹn àfi òun. Alápatà ni mo retí pé kó parí iṣẹ́. Alápatà ló fi apá rẹ̀ kan tó dáa gbá àbúrò mi mọ́ra láti ẹ̀yìn, ó gbé e kúrò nílẹ̀, òun náà ń sunkún. “Ó tó, ìyàwó wa. Ó tó. Ó ti sọ ọ́.”

“Ọkọ mi kú, mo ní mo ṣì ní ẹ̀gbọ́n!” ó ń ké. “Ẹ ò bá jẹ́ kí n ní ẹnì kan! Ẹ̀yin fúnra yín lẹ wá pa òun náà!”

Wọ́n rán orí mi, abẹ́rẹ́ mọ́kànlá. Ìpéǹpéjú, mẹ́rin.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 25

Wọ́n ti gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi. Ẹjọ́ ń bọ̀ ní kóòtù, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Òmùwẹ̀ nìkan ló ti yà wò mí. Kò sọ nǹkan kan, ó jókòó, ó lọ.

Ìwé àwọn olùwádìí jáde láàárọ̀ yìí. Mo gba ẹ̀dà kan, mo mú un lọ sílé àbúrò mi. Kò ṣí ilẹ̀kùn. Ó na ọwọ́ gba ìwé náà lójú fèrèsé, kò wo ojú mi, ó ti fèrèsé. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti rí ọwọ́ rẹ̀ kẹ́yìn. Ó ti rù.

Ó yẹ kí n máa lọ. Mo dúró lábẹ́ fèrèsé. Mo gbọ́ tó ń ka ìwé náà fún ọmọ rẹ̀ nínú ilé, ó ń dúró lórí àwọn ọ̀rọ̀ tó le, ó ń túmọ̀ wọn. “‘Awakọ̀ kò jẹ̀bi lọ́nàkọnà.’ Ìyẹn ni pé bàbá ẹ ò ṣe àṣìṣe kankan. Wọ́n ti kọ ọ́. Mú un lọ síléèwé, kí wọ́n kà á.”

Ọmọ náà ní, “Ta ló wá ṣe é, Màámi?”

Mo di irin fèrèsé mú. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tó máa pè mí.

“Ẹ̀gbọ́n mi ni,” ló sọ.